Òbúkọ Tó Jẹ Ọkọ̀ Bàbá Súnmọ́nù

Kò sí ẹni tó ń pè mí ní Sìdí mọ́. Màmá ni gbogbo ayé ń pè mí báyìí, àwọn mìíràn a ní Ìyá Àgbà, ọmọ-ọmọ mi kan tó wà ní Èkó a tilẹ̀ máa pè mí ní Gíránmà, bí ẹni pé ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn ún. Ràbíátù ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù tó ń pè mí ní Sìdí, a sì ti sin ín. Láti ìgbà tí a ti sin ín, bí mo bá jókòó tí ilé dákẹ́, ọdún kan ṣoṣo ló máa ń padà wá bá mi, ọdún tí òbúkọ jẹ ọkọ̀. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ìwé mẹ́rin ni mo kà tí wọ́n fi ní kí n wá máa bá ìyá mi kiri ẹ̀kọ, nítorí náà bí mo bá ń kọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà náà ni mo ti gbọ́n.

Inú agboolé kan lẹ́yìn ọjà ní Ìwó ni wọ́n bí wa sí. Kí wọ́n tó pe ìrun àìsùbáà ni ilé ti ń dún. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, ni yóò kọ́kọ́ wúkọ́, kì í ṣe ikọ́ àìsàn, ikọ́ "mo ti jí o, ẹni tó bá tún fẹ́ sùn kó lọ sùn nílé àna rẹ̀" ni. Àwọn ewúrẹ́ wọn á dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn náà ni ọwọ̀ èmi àti Ràbí á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀, ìyá wa á máa ro ògì lórí iná, àwọn ọmọ kéú tó wà lójúlé kejì á máa ka wàláà wọn, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà bí oyin inú agbè, ayùn bàbá wa á sì gba àárín gbogbo rẹ̀ wọlé, hùn-ùn, hùn-ùn. Láwànì Káfíńtà ni gbogbo Ìwó ń pe bàbá wa. Wọn kì í kan àga, wọn kì í kan ibùsùn, àfi bí ebi bá dé. Ara ọkọ̀ ni wọ́n ń kàn. Láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá ra ọkọ̀ akẹ́rù dé, iwájú rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì nìkan ló máa ń ní. Káfíńtà ló ń fi pákó kan ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí èrò ń jókòó sí tí ẹrù ń gbé, èyí tí wọ́n ń pè ní bọ̀lẹ́kájà. Bí ọkọ̀ tuntun bá dúró níwájú ilé wa ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀, àwa ọmọdé a sá yí i po, a máa kígbe pé, "Ẹ wọ aṣọ fún un o! Ojú ń tì í!"

Nínú ilé yẹn, kò sí ẹni tí kì í fi nǹkan pamọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni méjì tó fara mọ́ ọ̀nà tí ẹnì kejì ń gbà fi pamọ́. Ìyá wa ń dá èésú pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́kọ ẹgbẹ́ wọn: lọ́jọ́ ọjà, oníkálukú á mú tirẹ̀ wá, ẹnìkan á kó gbogbo rẹ̀ lọ, títí yóò fi kárí. Ìyá Sáká, ìyàwó kejì tí bàbá wa fẹ́, kò gba ènìyàn gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni wọ́n ń rà sínú àpótí. Wọ́n ní aṣọ kì í jẹun, kì í sì í bá olówó rẹ̀ ṣe àríyànjiyàn. Sáká ọmọ wọn ní kóló amọ̀ kan tó ń ju kọ́bọ̀ sí, ṣùgbọ́n bí ó bá ju ún sí i láàárọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ á fi àtè sí ẹnu igi ọwọ̀, á fi fa kọ́bọ̀ náà jáde, á wá máa ráhùn káàkiri pé kóló òun kì í kún. Bàbá wa ní tiwọn, pákó ìrókò ni wọ́n ń tò sábẹ́ òrùlé. Wọ́n ní bí pákó bá ṣe ń pẹ́ ni iye rẹ̀ ń ga. Ìyá Àgbà á wò wọ́n tẹ̀gàntẹ̀gàn.

"Láwànì, bí o bá gbé pákó méjì síbẹ̀ lónìí, mélòó lo máa bá níbẹ̀ lámọ́dún?"

"Méjì ni, Ìyá."

"Ó dáa. Máa bá wọn sọ̀rọ̀ rere o. Bóyá ọ̀kan nínú wọn á lóyún."

Ewúrẹ́ ni Ìyá Àgbà gbọ́kàn lé. Wọ́n ní èyí tó wà nílé, wọ́n ní tí àgbẹ̀ kan ń bá wọn sìn ní Kúta, wọ́n tún ní ní Olúpọ̀nnà. Bí ewúrẹ́ bá bí méjì, ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó ń sìn ín, ọ̀kan jẹ́ tiwọn. Wọn kò mọ ìwé kankan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìdílé ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan ju bí àwa ṣe mọ ìdílé tiwa lọ. Wọ́n á ní, "Èyí ni ọmọ Alábàwọ́n tó kú sí kòtò. Ìwà ìyá rẹ̀ ló ń hù yẹn." Bí wọ́n bá sọ pé àwọn fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé àwọn ní Kúta, ewúrẹ́ ni wọ́n fẹ́ lọ kí.

Ọdún yẹn ni Ràbí fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ọwọ́ Màmá Déborà ló fẹ́ ti kọ́ ọ, obìnrin Onítẹ̀bọmi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì. Màmá Déborà kì í bi ọmọ léèrè bóyá mùsùlùmí ni tàbí kìrìsìtẹ́nì, òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Wọ́n ní, "Lẹ́yìn Iléyá, kí olúkúlùkù gbé maṣíìnì tirẹ̀ wá. Ẹni tí kò bá ní maṣíìnì, olùwòran ni, mi ò sì í kọ́ olùwòran." Bí Ràbí kò bá rí maṣíìnì, ibi tí wọn yóò mú un lọ ti wà nílẹ̀. Ìyá Lásún, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin tó ń ṣe gàrí ní Olúpọ̀nnà, ti ránṣẹ́ wá pé kí wọ́n fún òun ní ọmọbìnrin kan tí yóò máa bá òun yan gàrí. Ràbí ti lọ síbẹ̀ rí, ó sì rí ojú àwọn ọmọ tó ń yan gàrí, bí èéfín ṣe sọ ọ́ di pupa. Ó sọ fún mi lórí ẹní pé, "Sìdí, bí wọ́n bá mú mi lọ síbẹ̀, mi ò ní lè fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ láé." Ọmọ tó lẹ́nu ni, kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí a bá ti dárúkọ Olúpọ̀nnà, á dákẹ́.

Ìyá Àgbà ló gba ọ̀ràn náà rù. Télọ̀ kan wà ní Ìbàdàn tó fẹ́ ta maṣíìnì àlòkù kan, ó sì gbà láti dúró di Iléyá. Ìyá Àgbà ti ta ewúrẹ́ bíi mélòó kan, wọ́n ti sanwó sílẹ̀, òbúkọ kan ló kù tí wọn yóò tà tí owó yóò fi pé. Òbúkọ dúdú ni, onírùngbọ̀n gígùn, tó ń rìn láàárín agboolé bí ẹni pé òun ló ń gba owó-orí. Maṣíìnì ni àwa ọmọdé sọ ọ́. Bí Ràbí bá fún un ní èèpo iṣu, á fọwọ́ pa á lẹ́yìn, á ní, "Maṣíìnì, jẹun o. Má jẹ̀ẹ́ kí n tì. Kò ní pẹ́ mọ́ tí o máa di irin."

Báyìí ni nǹkan ṣe wà tí Kàsálì awakọ̀ fi kọlu gbòǹgbò igi lọ́nà Ilé-Ogbó. Kò sí ẹni tó fara pa, àfi mọ́gáàdì ọkọ̀, irin títẹ̀ tó bo táyà iwájú kí ẹrẹ̀ má baà máa ta sókè. Ó ti rún bí ewé. Bàbá Súnmọ́nù ló ni ọkọ̀. Èkùrọ́ ni wọ́n ń rà káàkiri, wọ́n lówó, ṣùgbọ́n ahun ni wọ́n, irú ahun tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fún ọ ní obì, wọ́n á dúró tì ọ́ títí o fi máa bù ú, kí wọ́n lè gba tiwọn padà nínú rẹ̀. Wọ́n lọ bèèrè mọ́gáàdì tuntun ní Ìbàdàn, wọ́n sì padà wálé pẹ̀lú orí fífọ́. Bàbá wa ní, "Èmi á ṣe é fún yín. Kì í ṣe irin, nítorí irin ń dípẹtà. Kì í ṣe pákó, nítorí pákó kì í tẹ̀. Aṣọ ni n ó fi ṣe é."

Bàbá Súnmọ́nù wo ojú wọn. "Láwànì, ṣé ara yín yá?"

"Ẹ wo fìlà yín yẹn," bàbá wa fèsì. "Aṣọ lásán kọ́ ni? Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀kọ sí i tó gbẹ, ṣé kò dá dúró? Ẹ wá rò ó ká ní ìpele mẹ́wàá ni, tí góòmù wà láàárín, tí okùn iko wà láàárín, tí lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń tú dà sílẹ̀ wà láàárín. Aṣọ á di iko mú, iko á di igi mú, góòmù á di gbogbo wọn mú. Ohun tí ọ̀kan kò lè dá ṣe, gbogbo wọn á pawọ́ pọ̀ ṣe é." Bí bàbá wa ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá wọ̀ wọ́n lára. Lónìí tí mo bá rí ọkọ̀ tí wọ́n fi nǹkan tí kì í ṣe irin ṣe ara rẹ̀, tí àwọn ọmọ mi ń sọ pé òyìnbó gbọ́n, mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú. N kì í bá wọn jiyàn. Ta ni yóò gbà mí gbọ́?

Bàbá Súnmọ́nù gbà, nítorí owó rẹ̀ kéré. Bàbá wa fi amọ̀ mọ àwòrán mọ́gáàdì náà sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n wá ní kí gbogbo ilé mú àkísà wá. Ìyá wa mú aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì, èyí tó ti gbó. Ìyá Sáká ṣí àpótí wọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n tún pa á dé, wọ́n ní aṣọ àwọn kì í ṣe aṣọ táyà. Gèlè kan tí eku ti jẹ ni wọ́n mú jáde. Sáká ló ṣe oore jù. Ó mú ṣòkòtò kéú rẹ̀ wá tayọ̀tayọ̀, kó baà lè sọ fún àfáà lọ́jọ́ kejì pé òun kò ní ohun tí òun máa wọ̀ wá. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni fura, ṣòkòtò ti di ìpele kẹta.

Awọ màlúù ni àwọn káfíńtà ìgbà náà ń sè di góòmù. Wọ́n á gba àjákù rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn alápatà, wọ́n á sè é títí tí yóò fi ki tí yóò máa fà. Agolo tí bàbá wa fi ń sè é ti lu, ni wọ́n bá yá ìkòkò ọbẹ̀ ìyá wa, wọ́n gbé e ka orí àdògán lẹ́yìn ilé, níbi tí gbogbo obìnrin ilé ti ń dáná. Àárọ̀ ni wọ́n ti ń rò ó. Nígbà tó di àílà, wọ́n lọ kírun, ìyá wa wà lọ́jà, wọ́n sì ti rán èmi àti Ràbí lódò. Ìkòkò náà dá wà lórí iná. Àṣà kan wà ní agboolé wa tó yẹ kí n sọ. Ìkòkò kì í jẹ́ ti ẹnìkan. Bí o bá ń kọjá tí o rí ìkòkò tí kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, o gbọ́dọ̀ dúró, kí o ko iná rẹ̀, kí o rò ó, kí o bá ẹni tó gbé e kaná wo ohun tó kù. Ẹni tó bá kọjá tí kò wò ó, Ìyá Àgbà á ní, "Àlejò ni ìyẹn, ẹ fún un lẹ́ní."

Mọ́gáàdì náà gbẹ, ó sì le. Bàbá wa fi ọ̀dà búlúù kùn ún kó bá ara ọkọ̀ mu, wọ́n kàn án mọ́ ọn, wọ́n fi ìka kàn án, ó dún gbọ́ọ́, gbọ́ọ́ bí ilẹ̀kùn ilé olówó. Gbogbo àdúgbò wá wò ó. Ṣùgbọ́n ọjà méjì kò tíì kọjá nígbà tí Kàsálì awakọ̀ wá bá bàbá wa pẹ̀lú ojú tó rò.

"Bàbá Ràbí, kí lẹ fi sára ọkọ̀ yìí?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Kí ló ṣe é?"

"Mo dúró ní Kúta, gbogbo ewúrẹ́ ìlú jáde wá pàdé mi bí ẹni pé mo joyè. Mo dúró ní Ilé-Ogbó kí èrò kan bọ́ sílẹ̀, mo bojú wẹ̀yìn, àgùntàn ti to sí i, wọ́n ń lá a. Ìyá kan nínú ọkọ̀ ní bóyá mo jí ẹran gbé ni, tí àwọn ìbátan rẹ̀ ń wá a."

"Ẹwà rẹ̀ ni wọ́n ń wò," bàbá wa dá a lóhùn, wọ́n sì padà sídìí ayùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan ni Kàsálì gbé ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tí gbogbo ọkùnrin sì lọ kírun. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde síbẹ̀. Mo rí táyà ní gbangba, mọ́gáàdì kò sí lórí rẹ̀ mọ́, àfi àjákù aṣọ kéékèèké tó ń fì lẹ́bàá ìṣó. Nísàlẹ̀, Maṣíìnì jókòó, ikùn rẹ̀ yọ bí ti aboyún. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti di búlúù pátápátá. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò Sáká kan ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sùúrù, bí àgbàlagbà tó ń jẹ orógbó.

Nígbà tí Bàbá Súnmọ́nù dé láti mọ́sálásí, ariwo tí wọ́n pa kó gbogbo ọjà wá. Wọn kò bá bàbá wa jà, ọ̀dọ̀ òbúkọ ni wọ́n lọ tààrà. Wọ́n di okùn ọrùn rẹ̀ mú, wọ́n ní, "Òbúkọ yìí ti di tèmi láti òní lọ. Ó jẹ ọkọ̀ mi, èmi náà á jẹ ẹ́." Mo wo Ràbí. Ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Olúpọ̀nnà ló ń wò lọ́ọ̀ọ́kán.

"Góòmù mi kò lè fa ẹran mọ́ra," bàbá wa ń sọ. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ewúrẹ́ kan kò jẹ iṣẹ́ mi rí. Kò dùn! Awọ sísè lásán ni!"

Ìyá Àgbà kọjá lára gbogbo wọn. Wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà, wọ́n já àjákù aṣọ kan tó kù, wọ́n fi kan ahọ́n. Wọ́n dijú. Wọ́n tún fi kàn án.

"Iyọ̀," Ìyá Àgbà wí.

Wọ́n tún lá a.

"Irú náà wà níbẹ̀. Irú tuntun. Ọbẹ̀ yìí dùn o, Láwànì."

Ojú gbogbo wa yí sí ibi àdògán. Ìyá Sáká dúró níbẹ̀, wọ́n ti da ọwọ́ sẹ́yìn. "Kí lẹ̀ ń wò mí sí?" wọ́n bi wá. "Mo bá pọ̀nmọ́ lórí iná, kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, mo tọ́ ọ wò, ó tẹ́. Mo fi iyọ̀ sí i, mo sọ irú sí i. Oore ni mo ṣe! Ta ló ń se ọkọ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀?" Ẹ̀rín bú. Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í sábà bá orogún wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wo ìkòkò náà bí ẹni tí ọ̀rẹ́ dà. Bàbá Súnmọ́nù náà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì mú okùn dání síbẹ̀.

Ìyá Àgbà súnmọ́ wọn. "Súnmọ́nù ọmọ Àṣàbí, kí ni òbúkọ mi jẹ?"

"Mọ́gáàdì mi ni, Ìyá."

"Níbo ló wà báyìí?"

"Inú rẹ̀ ló wà! Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i. A jẹ́ pé nǹkan rẹ kò sọnù. Ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ tìrẹ, awọ tó yí i ká jẹ́ tèmi. Ẹ bá mi gbé àpótí wá fún Súnmọ́nù kó jókòó sẹ́yìn òbúkọ. Bó bá ṣe ń jáde ni kó máa kó o."

Àwọn èrò fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lulẹ̀. Sáká sá lọ gbé àpótí wá ní tòótọ́, ó fi àpò kún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò tíì tú okùn lọ́wọ́ ahun rí. Bàbá Súnmọ́nù fa òbúkọ, ó di ọ̀nà ilé wọn. Ìgbà náà ni Ràbí sọ̀kalẹ̀ lórí eékún níwájú wọn, ó mú èyí tó kù nínú mọ́gáàdì dání.

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ wo nǹkan yìí. Bí àlùbọ́sà ló ṣe ń ṣí. Òbúkọ rí etí kan fà, èyí tó tẹ̀lé e sì ń tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá rán ìpele rẹ̀ pọ̀ ná, lọ́tùn-ún lósì, kí góòmù tó wọ̀ ọ́, kò sí etí tí ẹranko yóò rí fà."

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Òbúkọ ni, Bàbá. Òun ló fi ibi tí kò dára hàn wá."

Bàbá wa gba àjákù náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n yí i sí ìhín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. "Òótọ́ ló ń sọ," bàbá wa wí jẹ́jẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe àdéhùn nìyẹn: bàbá wa á ṣe òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, wọn á gbé e sáàárín gbogbo ewúrẹ́ ilé láti òwúrọ̀ di ìrun àlàásárì. Bí ewúrẹ́ kankan bá jẹ ẹ́, Maṣíìnì di ẹran Bàbá Súnmọ́nù. Bí wọn kò bá jẹ ẹ́, okùn bọ́.

Abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán àpò èkùrọ́ ni Ràbí lò. Wọ́n to àkísà àti àpò lé ara wọn lórí igi méjì, èmi wà lábẹ́, òun wà lókè. Á ti abẹ́rẹ́ sísàlẹ̀, èmi á fà á, èmi á tún tì í sókè padà sí i. Bí mo bá pẹ́, á ní, "Sìdí, ṣé o ti kú síbẹ̀ ni?" Bí mo bá sì yára jù, abẹ́rẹ́ á gún un, á pariwo, á ṣépè fún mi, èmi náà á ṣépè padà láti abẹ́, àwọn tó ń kọjá kò sì rí ẹni tó ń dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rán an títí ó fi dà bí pápá tí wọ́n kọ ebè sí. Ìyá Àgbà fúnra wọn ló jókòó ti ìkòkò góòmù lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ìyá Sáká lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n tún lọ. Ọwọ́ ń yún wọn. Níkẹyìn, Ìyá Àgbà pè wọ́n, wọ́n ní, "Ìwọ ìyàwó yìí, máa bọ̀. Iyọ̀ lo fi bà á jẹ́, ata ni wàá fi tún un ṣe." Kò sí ata tó kù nínú ilé lọ́jọ́ náà. Bí Ìyá Sáká ṣe ń dà á sínú ìkòkò, bàbá wa sín, ìyá wa sín, àwọn ọmọ kéú lójúlé kejì dá wàláà dúró, àfáà wọn náà sín láàárín súrà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, wọ́n gbé mọ́gáàdì náà sórí ẹní láàárín agbo ilé. Bàbá Súnmọ́nù mú àga wá, wọ́n jókòó tì í, okùn Maṣíìnì wà lọ́wọ́ wọn. Abo ewúrẹ́ kan kọ́kọ́ wá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Àwọn òmíràn wá, wọ́n sín, wọ́n wo ara wọn. Nígbà tí oòrùn ti ń yí, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n tú Maṣíìnì sílẹ̀, nítorí ẹni tó ti jẹ ẹ́ rí ni ẹlẹ́rìí gidi. Ràbí fi ìborùn rẹ̀ bo ojú. Ó ní, "Sìdí, máa wò ó fún mi." Mo wò ó. Maṣíìnì rìn lọ tààrà, pẹ̀lú irùngbọ̀n búlúù rẹ̀. Ó fi imú kàn án. Ó yọ ahọ́n, ó lá a lẹ́ẹ̀kan, ó tún lá a. Mo gbọ́ tí Bàbá Súnmọ́nù mí kanlẹ̀. Mo ní, "Ó ń lá a," Ràbí sì di ọwọ́ mi mú bí ẹni tó fẹ́ já a. Òbúkọ wá etí kan títí tí yóò fi eyín dì mú, kò rí. Ó ya ẹnu sílẹ̀. Ata ti dé ọ̀nà ọ̀fun. Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ lọ́jà. Ó fò, ó gba orí ẹní, ó gba orí ẹsẹ̀ Bàbá Súnmọ́nù, ó kó sínú ìkòkò omi ìyá wa pẹ̀lú orí, ó sì gbé ìkòkò náà sá lọ.

Okùn bọ́. Lọ́jà Iléyá, ọkùnrin kan láti Ìbàdàn fẹ́ ra Maṣíìnì, ó wá bèèrè ìdí tí irùngbọ̀n rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo ọṣẹ tí a fi fọ̀ ọ́ kò ràn án. Ìyá Àgbà wo ọ̀run, wọ́n ní, "Ọ̀nà Mẹ́kà ni ìyá-ńlá rẹ̀ ti wá. Gbogbo ìran wọn ló máa ń ní in." Ọkùnrin náà kò ná an mọ́, iye tí wọ́n pè é ló san. Mo sọ èyí níbi fídáù Ràbí, àfáà tó ń wàásù gbàgbé ibi tó dé, ẹ̀rín sì pa àwọn tó wá bá wa sunkún. Ó dùn mọ́ mi. Ràbí ì bá bínú bí gbogbo wa bá kàn sunkún lọ ilé.

Maṣíìnì irin dé láti Ìbàdàn nínú ọkọ̀ Bàbá Súnmọ́nù fúnra wọn, wọ́n sì gba owó ẹrù lórí rẹ̀. Ràbí gbé e lérí lọ sọ́dọ̀ Màmá Déborà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni òjò ńlá bẹ̀rẹ̀. Omi àti góòmù awọ kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ohun tí ewúrẹ́ kò lè jẹ, òjò jẹ ẹ́ lọ́nà Kúta. Ní ọjọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ lọ fún Ràbí, mo bá Bàbá Súnmọ́nù lórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù Màmá Déborà, láàárín àwọn ọmọbìnrin tó wá wọn búláòsì, àpò ìdọ̀họ mẹ́ta lórí itan wọn, fìlà lọ́wọ́. Ràbí rí wọn. Ó ń rán aṣọ tiẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní kí wọ́n má bínú, àwọn kan ti ṣíwájú wọn. Ó wọn ọmọ kan, ó wọn èkejì, ó wọn ìyá ọmọ náà. Bàbá Súnmọ́nù ń sún díẹ̀díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó wá kàn wọ́n, wọ́n dìde, wọ́n fi ìtìjú tẹ́ àpò náà síwájú rẹ̀, wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rán ìpele mọ́gáàdì tuntun. Ràbí tẹ́tí sí wọn dáadáa. Ó bọ́ tépù lọ́rùn, ó wọn àpò náà lóòró, ó wọ̀n ọ́n ní ìbú, ó gbé ojú sókè pẹ̀lú ìtẹríba gidi.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ máa fẹ́ kí n fi àpò àyà sí i?"